Abọ́ Wo Ló Lè Gba Ooru? Ìfiwéra Ọ̀rá, Kẹ́ẹ̀gì, Abọ́ àti Ìgò Ike fún Àwa Tá À Ń Dáná Tà l'Ábújá

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Kubwa, mo da sóbò gbígbóná sínú ogún ìgò ike. Wọ́n ń retí rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, aago mẹ́jọ ti lù, mi ò sì ráyè dúró kó tutù. Kí n tó dé orí ìgò kẹta, àkọ́kọ́ ti ń sunkì. Ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí rẹ̀ yọ gbọ̀ngọ̀, kò lè dá dúró mọ́. Àbúrò mi tó ń bá mi dé ìgò wò mí títí, ó ní, "Àǹtí mi, ṣebí tíṣà kẹ́mísìrì ni yín?"

Ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS3 pé irú ike yẹn ti ń rọ̀ kí omi tó hó.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fún gbogbo wọn. À ń pè é ní ike, tàbí rọ́bà, tó bá sì fẹ́lẹ́, a ó pè é ní ọ̀rá. Àwọn Hausa tá a jọ ń gbé á ní leda. Ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́fà ló kún ọjà, ìwà wọn ò sì jọra rárá. Ẹni tó ra èyí tó nípọn jù, tàbí èyí tó wọ́n jù, lè ti ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ dojú abọ́ dé, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ láàárín ọfà mẹ́ta tó yí po. Àwọn tó ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1988, kí ó lè rọrùn láti ṣa ike sọ́tọ̀ fún àtúnlò. Kò sọ pé abọ́ náà dára fún oúnjẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ, ìyẹn nìkan sì ti tó wa láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ooru ló ṣáájú. L'Ábújá níbí, omi ń hó ní nǹkan bíi 98 sí 99°C, torí a ga díẹ̀ ju etí òkun lọ. (Ní Jọ́ọ̀sì, tó ga tó 1,200 mítà, bíi 96°C ni, ìdí tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná níbẹ̀ nìyẹn.) Òróró tí àkàrà ń dín nínú rẹ̀ sún mọ́ 170 sí 180°C. Kò sí ìkankan nínú ike tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí tí mo lè gbé àkàrà tó ń ta pàrà-pàrà sínú rẹ̀. Ẹ fi ìwé gbà á ná.

Lẹ́yìn ooru, epo. Lẹ́yìn epo, oòrùn àti fìrísà. Owó ló kẹ́yìn lọ́dọ̀ mi, àmọ́ kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á nìkan: ẹ pín in sí iye ìgbà tẹ́ ẹ máa lò ó.

Gáàsì, àbẹ́là àti ọ̀rá: ọmọ ìyá ni wọ́n

Ẹ gbà mí láyè díẹ̀ níbí, torí ibí ni gbogbo ìyókù ti ń jáde. Átọ́ọ̀mù káábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ mẹ́rin, ti háídírójìn ní ẹyọ kan. Bí káábọ́ọ̀nù kan bá fi ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di háídírójìn mú, météènì nìyẹn, òun ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń fà látinú ilẹ̀. Bí káábọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ó di própéènì àti bútéènì, èyí tó wà nínú sílíńdà ìdáná yín. Ẹ jẹ́ kó gùn dé bíi mẹ́wàá sí mẹ́rìndínlógún, ó ti di kẹrosíìnì. Láti ogún sí ogójì, kò ṣàn mọ́, ó ti dì: àbẹ́là tá à ń tàn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ nìyẹn. Ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n náà gùn dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀rá pure water lẹ mú lọ́wọ́ yẹn.

Háídírókábọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn, káábọ́ọ̀nù àti háídírójìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gígùn tí wọ́n fi ẹyọ kékeré tó jọra so yìí là ń pè ní pọ́límà.

Ẹyọ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ni ẹtilíìnì: káábọ́ọ̀nù méjì tó fi ọwọ́ méjì-méjì di ara wọn mú. Bí wọ́n bá tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ọwọ́ yẹn á wá ẹlòmíì dì mú, ẹlòmíì náà á tú tiẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa so lọ. Èèṣì ni wọ́n fi rí i. Ní 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ń tẹ ẹtilíìnì pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ agbára tó pọ̀ gan-an ní Winnington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n máa fi tú ẹ̀rọ náà, ohun funfun kan bí ìda ló lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Lónìí ilé iṣẹ́ Indorama ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, ń fi ohun tó ń jáde látinú gáàsì ilẹ̀ wa ṣe irú rẹ̀.

Ọ̀rá: nọ́ńbà 4, àti 2 tó fẹ́lẹ́

Mọ́ínmọ́ín ló ń mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná láàárín àwa Yorùbá tó wà lókè yìí. Ewé eéran kì í hù nínú ilẹ̀ gbígbẹ bí ibí. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá. Bó bá fi máa dé Wuse, ìdajì ti ń pọ́n, owó rẹ̀ sì ti gòkè. Ọ̀rá rèé, ó wà níbi gbogbo, ó sì pọ́ọ́kú. Mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń mú ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀rá méjì ló wà, etí lẹ máa fi mọ̀ wọ́n. Ẹ fún un ní ìkúùkù. Bó bá ń dún ṣà-ṣà-ṣà bí ewé gbígbẹ, HDPE ni, nọ́ńbà 2. Bó bá rọ̀ wọ̀ọ̀, tí kò pariwo, LDPE ni, nọ́ńbà 4. Ẹtilíìnì kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n ti LDPE yọ ẹ̀ka káàkiri bí igi ọsàn, ẹ̀ka wọ̀nyẹn ò sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Ti HDPE gún gbọọrọ bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ di ẹ̀ka ọsàn ní ìtí, kẹ́ ẹ wá di ọwọ̀, ẹ ó rí èyí tó máa le. Torí náà LDPE ń yọ́ ní nǹkan bíi 105 sí 115°C, HDPE ní nǹkan bíi 130°C.

Ọ̀rá mọ́ínmọ́ín tó mọ́ roro lọ́jà, LDPE ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ fi 98 wé 105. Àlàfo yẹn ò tó nǹkan kan, ó sì ti ń rọ̀ tipẹ́ kó tó yọ́. Bí omi bá gbẹ nídìí ìkòkò, tí ọ̀rá fara kan irin, ibẹ̀ ti kọjá 110 nìyẹn. Ẹ ti rí i rí: ẹ tú mọ́ínmọ́ín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá pinpin, kò ṣeé ya. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lo ọ̀rá, kí ó to igi ewé tàbí kí ó da àwo irin délẹ̀ sídìí ìkòkò, kí ó má sì jẹ́ kí omi gbẹ.

Èmi ti fi ọ̀rá sílẹ̀. Bí mo bá rówó ewé, mo ra ewé. Bí n ò bá rí, agolo tàbí abọ́ nọ́ńbà 5. Ewé náà kúkú jẹ́ pọ́límà, sẹ́lúlóòsì tí igi fúnra rẹ̀ so, ṣùgbọ́n òun kì í yọ́. Ẹ gbé e sórí iná tààrà, ó máa jó ni.

Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń di nǹkan sí lọ́jà ńkọ́? Àtúnyọ́ oríṣiríṣi ike ló sábà máa ń wà lábẹ́ àwọ̀ yẹn. Ẹ fi di bàtà. Mo rí i tí wọ́n ń da masa gbígbóná sí i lójoojúmọ́, ara mi kì í gbà á.

Kẹ́ẹ̀gì: nọ́ńbà 2

Kẹ́ẹ̀gì ofeefee onílítà 25 tí mai ruwa ń tò sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, HDPE ni. Ó lágbára. Omi ò ṣe é, kíkan ò ṣe é, Hypo ò ṣe é. Ó lè jábọ́ látinú fìrísà kó má sán. Nínú gbogbo ike, òun ni mo fọkàn tán jù fún omi, fún epo pupa tó ti tutù, àti fún òróró.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo kì í hàn sójú. Háídírókábọ́ọ̀nù ni, ó sì máa ń gba mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wọlé. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbé kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù rí, epo yẹn ti wọ inú ara ike lọ, kì í ṣe pé ó kàn bò ó lójú. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá, òórùn á lọ, ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, òórùn á padà. Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyẹn bí mo bá ra àlòkù. Ẹni tó ń tà á á ní, "Hajiya, omi nìkan ló gbé." Mi ò kì í bá a jiyàn, mo kàn máa ń ní kó jẹ́ ká gbé e sóòrùn ná. (Orúkọ mi ò jọ ti Hajiya, ṣùgbọ́n l'Ábújá, ẹni tó bá wé gèlè ti di Hajiya.)

Abọ́: nọ́ńbà 5

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni kí n mú, PP ni, orúkọ ike nọ́ńbà 5 nìyẹn. Ó ń yọ́ ní nǹkan bíi 160 sí 165°C, nítorí náà omi híhó kò lè mú un rọ̀ débi táá fi yí. Ìrẹsì gbígbóná, mọ́ínmọ́ín nínú ooru omi, máíkírówéèfù, ó gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n bíi ti ọ̀rá náà ni, àmọ́ ní gbogbo káábọ́ọ̀nù kejì, káábọ́ọ̀nù kékeré kan so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá so káàkiri láìlétò, ohun rírọ̀ tó ń lẹ̀ lẹ máa rí. Giulio Natta ní Ítálì ló so gbogbo wọn sápá kan náà ní 1954, ìyẹn ló mú un le. Karl Ziegler ará Jámánì ló ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà tí ẹ̀wọ̀n fi ń gún gbọọrọ, ní 1953. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963.

Ẹ̀sùn tí gbogbo èèyàn fi ń kan abọ́ yìí ni pé ọbẹ̀ máa ń pa á láró. Ẹ bu ọbẹ̀ ata gbígbóná sínú abọ́ funfun, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ fọ̀ ọ́, ó ti di pupa rẹ́súrẹ́sú títí ayé. Kì í ṣe ìdọ̀tí o. Káróténì tó ń pọ́n epo pupa, àti láíkópíìnì tó ń pọ́n tòmátì, C40H56 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ogójì káábọ́ọ̀nù, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta háídírójìn, kò sí nǹkan mìíràn. Háídírókábọ́ọ̀nù tún ni! Bí epo bá gbóná, ó máa ń rìn wọ inú ike tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, omi ò sì lè lọ fà á jáde níbẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe: mo máa fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa inú abọ́ gbígbẹ, mo fi tísù nù ún, kí n tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Òróró á fà lára àwọ̀ náà jáde. Ìyókù, oòrùn ló máa pa á. Ẹ sá abọ́ náà lójú oòrùn Ábújá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ á já ẹ̀wọ̀n àwọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, pupa á ṣá.

Ṣùgbọ́n ẹ tètè kó o wọlé. Ohun tí oòrùn ṣe fún àwọ̀, ó ń ṣe é fún abọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọmọ káábọ́ọ̀nù yẹn ti so rọ̀ ni kò ti lágbára, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti oòrùn ti ń já ẹ̀wọ̀n. Ẹ ti lọ síbi ayẹyẹ tí ẹsẹ̀ àga rọ́bà kán lábẹ́ bàbá olóyè kan, àbí? PP ló sábà máa ń jẹ́, àga tó ti wà níta láti ọdún mélòó kan. Tánkì omi orí òrùlé jẹ́ dúdú nítorí èyí: lẹ́búlẹ́bú káábọ́ọ̀nù tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń gba oòrùn fún un.

Fìrísà ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Ní −18°C, PP máa ń gan bí igi gbígbẹ. Mo ti pàdánù abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mẹ́ta sórí táìsì, ẹ̀gúsí àti àfọ́kù ike pọ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó wà lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Ó wọ́n ju abọ́ fóòmù lọ dáadáa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ń dá a padà, mo sì ń lo ọ̀kan náà títí ìdérí rẹ̀ fi máa ya.

Ìgò: nọ́ńbà 1

PET, ìyẹn ike nọ́ńbà 1, kì í ṣe háídírókábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ó mọ́ roro, ó fúyẹ́, ó sì ń di gáàsì mínírà mú ju ọ̀rá lọ. Kunu tútù, fura da nono, sóbò tó ti wọ fìríìjì, ìgò rẹ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Ooru ni kò fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ńṣe ni wọ́n fẹ́ ẹ bí bàlúùnù, ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ nà tán, ó sì tutù bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá dé 70 sí 80°C, ẹ̀wọ̀n á rántí, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Sóbò mi á ti tó 90. Nítorí èyí náà, ẹ ò lè fi omi híhó pa kòkòrò inú ìgò àlòkù, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín fún kànrìnkàn. Ẹni tó ń ta nǹkan mímu fún aráàlú, kí ó ra tuntun.

Fóòmù: nọ́ńbà 6

Mi ò ní fi bò: mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Pólísítáírìnì ni, òrùka tó ní káábọ́ọ̀nù mẹ́fà so rọ̀ káàkiri lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀, wọ́n wá fi gáàsì wú u títí afẹ́fẹ́ fi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ike lọ. Ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn, tó sì ń jẹ́ kí ìrẹsì gbóná pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ bí ooru bá ti sún mọ́ 100°C, epo sì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ fẹ́ rí i? Ẹ bó ọsàn Benue kan, ẹ fún èèpo rẹ̀ kí oje rẹ̀ ta sára ìdérí fóòmù. Láìpẹ́ ojú ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọlé. Limonene ni, C10H16, háídírókábọ́ọ̀nù inú èèpo ọsàn. Ó ń yọ́ fóòmù bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Ẹ wá ro jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń rùú, tí òróró ń dán lórí rẹ̀.

Ẹyọ tí wọ́n fi so ẹ̀wọ̀n yìí, sítáírìnì, díẹ̀ lè yọ sínú oúnjẹ gbígbóná ọlọ́ràá. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, fi sítáírìnì sí ìsọ̀rí 2A ní 2018, ìyẹn àwọn tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Èkó kéde òfin lòdì sí abọ́ fóòmù ní Oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ lọ sí Èkó fún ìnáwó, kí ó rántí.

3 àti 7

Nọ́ńbà 3 ni PVC, kílórììnì wà lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Páìpù omi ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jó o mọ́ pàǹtírí, torí èéfín rẹ̀ ní ásíìdì tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Nọ́ńbà 7 ni gbogbo ìyókù. Ìgò ńlá orí ẹ̀rọ omi tútù wà lára wọn nígbà mìíràn. Èyí tó bá jẹ́ pólíkábọ́néètì lè ní BPA, kẹ́míkà kan tí wọ́n fi ń ṣe é, ohun tí ilẹ̀ Yúróòpù tìtorí rẹ̀ fòfin de irú ìgò bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ ní 2011. Omi tútù nìkan ni kẹ́ ẹ fi mọ.

Bí abọ́ ò bá ní nọ́ńbà, ẹ gé etí rẹ̀ bíńtín sínú omi, ẹ fi ìka rì í. Bó bá léfòó, 2, 4 tàbí 5 ni. Bó bá rì, 1, 3 tàbí 6 ló sábà máa ń jẹ́, omi híhó ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Fóòmù nìkan ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kó léfòó tàn yín.

Ta ni kó mú èwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná ìnáwó, tí oúnjẹ yín ń rìn láti Nyanya dé Gwarinpa kó tó dé ẹnu: nọ́ńbà 5, kò sí èkejì. Ẹ ra aláwọ̀ dúdú tàbí pupa bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ máa jà pẹ̀lú àró ọbẹ̀.

Oníkunu àti onísóbò, nọ́ńbà 1 tuntun, lẹ́yìn tí nǹkan mímu bá ti tutù débi tí ọwọ́ lè dúró lára ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní gbígbóná, kí ó wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó jẹ́ 5.

Ọmọ iléèwé tàbí àgùnbánirọ̀ tó ń gbé yàrá kan: kẹ́ẹ̀gì nọ́ńbà 2 kan fún omi, abọ́ 5 méjì, ó parí. Ìyá tó ń fi ọbẹ̀ pamọ́ sí fìrísà fún oṣù kan, kí ó wá abọ́ HDPE tó nípọn tàbí ọ̀rá tó ń dún ṣà-ṣà, nígbà tí ọbẹ̀ bá ti tutù pátápátá.

Oní-mọ́ínmọ́ín ló ṣòro jù fún mi láti dáhùn, torí èrè orí ẹyọ kan ò pọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń tà á lójú títì lówó pọ́ọ́kú, ọ̀rá lẹ máa lò, mo mọ̀. Ẹ ṣáà ra èyí tó ń dún, kẹ́ ẹ sì to igi sídìí ìkòkò. Bó bá jẹ́ ti ayẹyẹ ni, ẹ ṣírò ewé mọ́ owó rẹ̀. Àwọn tó ń pè mí kì í bèèrè ìdí tó fi wọ́n, bí wọ́n bá ti gbọ́ òórùn ewé eéran.